Ẹ̀wù Kejìlá

Mọ́kànlá ni wọ́n nínú àpótí pákó lábẹ́ ibùsùn mi ní Kétu,
ẹ̀wù alámì-ewé, ẹ̀wù ogun tí kò jagun rí.
Kì í ṣe ti ìjọba. Kì í ṣe èyí tí ọkọ̀ òkun gbé dé.
Kálíkò funfun lásán ni,
Láléyè aránṣọ ló rà á lọ́pàá-lọ́pàá,
ló tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀, nítòsí Àkàbà Ìdẹ̀nà,
ló to ewé ẹ̀gẹ́ lé e, ewé tíìkì, ewé ìbẹ́pẹ,
ló fi kànrìnkàn ta omi èèpo igi sí i lára,
igi tí kò dárúkọ rẹ̀ fún ọmọọṣẹ́ kankan títí ó fi kú.
Bó ti ká ewé kúrò,
igbó ti wọ aṣọ.

Àwọn ọdẹ olóru ló kọ́kọ́ ń rà á.
Lẹ́yìn wọn, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kí ọmọge wo àwọn lẹ́ẹ̀mejì.
Lẹ́yìn wọn, bàbá mi,
akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́, tí kò di ìbọn mú rí,
tó ń wọ tirẹ̀ lọ sóko ní gbogbo Sátidé,
tó ń yan láàárín àgbàdo, àyà síwájú, ọkọ́ léjìká.
Ọmọ Ọ̀gágun Ebè ni wọ́n ń pè mí nílé ìwé.
Mo sunkún nítorí ẹ̀wù yẹn nígbà náà.

Òun ni àkọ́kọ́ nínú àpótí.
Ìkejì, mẹkáníìkì kan ló fi ń nu epo lọ́wọ́;
tówẹ̀lì tuntun méjì ni mo fi gbà á.
Ìkẹta, ọmọ ìkókó sùn lé e lórí;
mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ọmọ fi jí.
Ìkẹsàn-án nìkan ni mo san owó gidi lé lórí,
mi ò sì tíì sọ iye rẹ̀ fún ìyàwó mi.

Bí o bá fẹ́ mọ ojúlówó, má wo àwọ̀.
Àwọ̀ ń purọ́; iṣẹ́ tí a rán an nìyẹn.
Yí abíyá rẹ̀ síta:
òwú pupa mẹ́ta ń bẹ níbẹ̀, wọ́n tò bí àbàjà.
Láléyè ò mọ̀wé kọ, ó ń kọlà fún aṣọ.
Ẹ̀wù tó yẹ kó fi ẹni tó wọ̀ ọ́ pa mọ́
kò rí ẹni tó rán an fi pa mọ́.

Ní Ìlárá, dùáníyẹ̀ kan dá mi dúró:
ta ló sọ mí di ṣọ́jà?
Mo ní, Ọ̀gá, ẹ wo bọ́tìnnì, èèpo àgbọn ni.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé e wọ̀ wò.
Ìrọ̀lẹ́ ló tó bọ́ ọ.

Wọ́n wá ní ìkejìlá wà ní Ìlíkìmù,
lọ́wọ́ opó Láléyè, Ìyá Fẹlisitẹ.
Kò sí nílé, ó ní. Ó wà lóko, ó ń ṣiṣẹ́.
Ó mú mi lọ nínú ọyẹ́.
Mo wo oko ọkà bàbà títí ojú fi ń ta mí,
pòròpórò nìkan ni mo rí.
“Ẹ ti kọjá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.”

Igi méjì ló gbé e ró, apá nà sọ́tùn-ún, nà sósì.
Òjò ti fọ ewé ẹ̀gẹ́ lọ, oòrùn ti jẹ ti ìbẹ́pẹ,
ó ti di àwọ̀ ibi tó dúró sí.
Mo dá ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Mo dá mẹ́wàá.
Ó ń ṣa èèmọ́ kúrò létí ìró rẹ̀.
“Ogójì ọdún,” ó ní, “kò bá mi dé oko yìí lọ́jọ́ kan.
Ẹ jẹ́ kó ṣe é báyìí.”

Mo kàn yí abíyá rẹ̀ wò.
Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, wọ́n ṣì pupa.
Ẹ̀gà kan fò wá, ó bà lé e léjìká,
ó ń jẹ ọkà ẹnu rẹ̀ lọ, kò tilẹ̀ wò wá.